ẸNI TÍ YÓÒ DÁ Ẹ̀SAN DÚRÓ

Ọ̀rọ̀ tí ìmáàmù bá àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sọ níbi àpérò wọn



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi ẹ̀mí sí wa lára, tí ó sì sọ ẹ̀mí di ohun ọ̀wọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níjòókòó, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí a torí yín pe ìpàdé yìí, orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún mi ni bí a ó ṣe gba àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ ìwà ipá. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí: pé n óò bú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, n óò bú àwọn òbí tí kò kọ́ ọmọ wọn, n óò sì ṣe àdúà kí a tó tú ká. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ èébú bẹ́ẹ̀, ikú kò sì torí rẹ̀ yẹra fún wa. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ọ̀nà tí ikú yìí ń gbà rìn láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn, nítorí pé ẹni tí kò mọ ibi tí olè ń gbà wọlé kò lè mọ ilẹ̀kùn tí yóò tì.

Ẹ wo bí ó ti máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n gún ọmọkùnrin kan lọ́bẹ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti pé jọ sí ibì kan. Wọn kì í béèrè bí ara rẹ̀ yóò ṣe yá. Ẹni tí ó gún un ni wọ́n ń wádìí, àti àdúgbò tí ó ń gbé, àti arákùnrin rẹ̀ tí ọwọ́ lè tẹ̀ bí ọwọ́ kò bá tẹ òun fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú wọ́n rí ẹnì kan tí ó jọ ẹni tí wọ́n ń wá. Òkú di méjì. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ó di mẹ́rin, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sì kú kò mọ ohun tí ó dá ìjà náà sílẹ̀ rárá. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. A máa ń nu èékánná ni. A kì í wo orí.

Àwa tí a kàwé ní yunifásítì mọ ibi tí ọ̀kan nínú àwọn iná orí wọ̀nyí ti wá. Ní 1952, akẹ́kọ̀ọ́ méje ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Pyrates. Wọn kò dá a sílẹ̀ láti pa ènìyàn. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ya lára rẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn hù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bá ara wọn díje, ìdíje di ìjà, ìjà di ẹ̀san. Ní òru ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje, 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wà nínú wọn. Láti inú ọgbà yunifásítì ni ìwà náà ti bọ́ sí ìgboro, ó dé ìdí ọkọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́, ó sì ti dé ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní 2021 pé ọdún 21 ní ẹ̀wọ̀n ni ti ẹni tí ó bá ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn. Òfin dára. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ta sílẹ̀ ni adájọ́ máa ń rí iṣẹ́ ṣe, nígbà náà ẹlòmíràn sì ti ń pọ́n ọ̀bẹ tirẹ̀.

Dókítà kan wà ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gary Slutkin. Iṣẹ́ àjàkálẹ̀ àrùn ni ó kọ́. Ó bá ikọ́ ẹ̀gbẹ jà ní ìlú San Francisco, ó lọ sí Sòmálíà níbi tí onígbáméjì ti ń pa àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ó sì bá Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣiṣẹ́ lórí àrùn éèdì ní ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí. Nígbà tí ó padà sí ìlú rẹ̀, Chicago, ní nǹkan bí 1995, ó bá a pé àwọn ọmọdé ń yìnbọn pa ara wọn. Ó wo àwòrán ilẹ̀ tí a sàmì sí gbogbo ibi tí wọ́n ti pa ènìyàn, ó sì rí i pé àmì náà ṣù jọ sójú kan gẹ́gẹ́ bí ti onígbáméjì. Ó béèrè ohun tí a lè fi mọ ibi tí ìpànìyàn yóò ti ṣẹlẹ̀ lọ́la. Ìdáhùn tí ó rí ni ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ lánàá.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Dókítà náà kò sọ pé apànìyàn kò jẹ̀bi. Ohun tí ó sọ ni pé ìwà ipá ń ràn. Ẹni tí wọ́n ṣe é sí lára ni ó súnmọ́ ọn jù láti ṣe é sí ẹlòmíràn lára, bí ó ti jẹ́ pé ẹni tí ó bá alárùn gbé inú yàrá kan ni àrùn súnmọ́ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ ti kéde ní 1996 pé ìwà ipá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìṣòro ìlera tí ó tóbi jù ní ayé. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a mọ ohun tí àwọn elétò ìlera máa ń ṣe sí ohun tí ń ràn. Wọn kì í dúró sí ọ́fíìsì. Wọ́n á wá ẹni tí ó ti kó o, wọ́n á wá àwọn tí ó súnmọ́ ọn, wọ́n á sì rán ẹni tí àwọn ènìyàn náà mọ̀ tí wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé lọ bá wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni Slutkin àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ṣe ní àdúgbò West Garfield Park ní Chicago ní 2000. Ní 2004, ọ̀kan nínú wọn, Tio Hardiman, dá a lábàá pé kí wọ́n gba àwọn tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ jàgídíjàgan rí, tí wọ́n sì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, sí iṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹni tí inú ń bí kí ó tó jáde nílé pẹ̀lú ìbọn. Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí obìnrin tí ń wọ híjáàbù, Ameena Matthews. Bàbá rẹ̀, Jeff Fort, ni olórí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó le jù ní Chicago, tí ilé ẹjọ́ fi sí ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ. Òun fúnra rẹ̀ ti rìn ní ọ̀nà náà rí. Fíìmù kan tí wọ́n ṣe nípa iṣẹ́ wọn jáde ní 2011, ẹ ó sì rí i níbẹ̀ tí ó dúró sí àárín àwọn ọmọkùnrin tí ó ga jù ú lọ, tí kò gbé igi, tí kò gbé irin, tí wọ́n sì ń gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Wọ́n gbọ́ nítorí pé ó mọ ilé wọn, ó sì mọ ohun tí ń jẹ wọ́n lọ́kàn.

Mi ò ní sọ ju bí ó ti rí lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yunifásítì yẹ iṣẹ́ náà wò tí wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní 2008, wọ́n rí i pé ìyìnbọn dín kù ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, kì í ṣe ní gbogbo wọn. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà padà sí ìwà àtijọ́, ọlọ́pàá sì mú wọn. Ní 2015 owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ Illinois ń fún wọn dáwọ́ dúró. Ní 2016, ó lé ní 750 ènìyàn tí wọ́n pa ní Chicago, èyí tí ó ju ti ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ fíìfíì. Èmi kò ní í sọ pé owó tí ó dáwọ́ dúró nìkan ni ó fà á. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń bomi sí iná kò gbọ́dọ̀ sọ garawa sílẹ̀ nítorí pé èéfín ti dín kù.

Ẹ ó sọ pé Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àdúgbò tí mo ti ń ṣe ìmáàmù fún yín. Wọ́n gbé ọmọ iṣẹ́ kan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, dé ilé ìwòsàn kan ní òru, wọ́n ti gún un ní itan. Àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá. Kí àwọn tí ó gbé e tó lọ, kí wọ́n tó bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Èmi ni wọ́n pè láti wẹ̀ ẹ́. Ojú ọgbẹ́ náà kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Bí a ti ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, mẹ́fà nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró ní ìta, wọn kò sunkún, wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àgbà mọ ohun tí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ. Ìyá olóògbé náà mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Ó jáde sí wọn, ó dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ilé mi ni ẹ óò sùn lálẹ́ òní.” Ó ní òun kò ní ọkùnrin tí yóò gba àlejò, tí yóò pọnmi, tí yóò ká àga. Wọ́n sun ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Bàbá kan tí ó ti wà nínú irú ẹgbẹ́ wọn ní ìgbà èwe rẹ̀ ń wá jókòó tì wọ́n láti ìgbà ìrun Ìṣáì títí di ọ̀gànjọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ìbínú kò tán, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀ débi tí wọ́n fi lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ẹnikẹ́ni kò kú tẹ̀ lé ọmọ yẹn. Obìnrin yẹn kò ka ìwé dókítà kankan.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí ohun méjì nínú ìtàn yìí. Èkíní ni ilé ìwòsàn. Òfin àpapọ̀ orílẹ̀-èdè yìí, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní òpin 2017, sọ pé gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, gbọ́dọ̀ gba ẹni tí ìbọn bá bà kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Wọn kò gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ nítorí pé kò tíì san owó. Iṣẹ́ tiwọn ni láti ránṣẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá tí ó súnmọ́ wọn láàárín wákàtí méjì tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ìbọn ni òfin náà dárúkọ ní pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀bẹ dà sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ìbọn dà sílẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé òfin yìí wà? Mélòó nínú àwọn ilé ìwòsàn tí ó wà ní àyíká wa ni ó mọ̀ ọ́n? Ẹgbẹ́ wa kò tíì rán ẹnikẹ́ni lọ bá wọn sọ ọ́. A máa ń lọ bá wọn nígbà Ràmàdáánì láti pín oúnjẹ fún àwọn aláìsàn, èyí dára, kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ wa. Kò sí ohun tí ó ní kí a má lè fi ọ̀rọ̀ òfin náà kún un.

Gbogbo yín ni ẹ mọ orúkọ Damilola Taylor, ọmọ wa tí wọ́n bí ní Èkó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí wọ́n fi ìgò fífọ́ gún un ní itan ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá, 2000. Orí àtẹ̀gùn ilé ni ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kò wá ẹ̀san. Ní 2001 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ láti máa ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́, títí kan àwọn ọ̀dọ́ irú àdúgbò tí wọ́n ti pa á. Richard Taylor, bàbá rẹ̀, wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó kú ní 2024.

Ohun kejì ni àsìkò. Ìgbà tí ọgbẹ́ ṣì tutù ni ọ̀rọ̀ ń wọ inú ènìyàn. Àwọn ará Glasgow ní Scotland mọ èyí. Ní 2005 ni ọlọ́pàá ìlú náà dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa wo ìwà ipá gẹ́gẹ́ bí àrùn, nítorí pé ọ̀bẹ ti sọ ìlú wọn di ẹni ìtìjú ní gbogbo Yúróòpù. Ní 2008, wọ́n pe àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ oníjà wá sí ilé ẹjọ́ ńlá ìlú náà. Wọn kò pè wọ́n láti dá wọn lẹ́jọ́. Ọlọ́pàá kọ́kọ́ sọ fún wọn pé a mọ̀ yín. Dókítà oníṣẹ́ abẹ dìde, ó ṣàlàyé ohun tí ọ̀bẹ máa ń ṣe sí ojú ènìyàn. Ìyá kan dìde, ó sọ ohun tí wọ́n ṣe sí ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà tẹlifóònù kan: ẹni tí ó bá fẹ́ jáwọ́ yóò pe nọ́ńbà náà, wọn yóò sì bá a wá iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́. Láti 2015 ni wọ́n sì ti ní àwọn ènìyàn tí ń dúró sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn Glasgow Royal Infirmary, tí ń jókòó ti ẹni tí wọ́n bá gún kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dé. Púpọ̀ nínú wọn ti gba ọgbẹ́ ọ̀bẹ rí. Ní ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó lé ní 130 ènìyàn tí wọ́n pa ní gbogbo Scotland. Láàárín 2022 sí 2023, ìpànìyàn 52 ni ọlọ́pàá kọ sílẹ̀.

Ní Cardiff ní ilẹ̀ Wales, oníṣẹ́ abẹ kan, Jonathan Shepherd, rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí òun ń rán ojú wọn kò dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá rárá. Ó ní kí àwọn akọ̀wé ilé ìwòsàn máa béèrè ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, àkókò tí ó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi ṣe é, kí wọ́n yọ orúkọ kúrò, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí ìjọba ìlú àti ọlọ́pàá.  Èyí tí a lè ṣe nìyẹn.

Ìbéèrè kan wà tí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn yín, kì í sì í ṣe kékeré. Bí a bá ń bá àwọn ọmọ wọ̀nyí rìn, ṣé a ó máa bò wọ́n láṣìírí ni, tàbí a ó máa tú wọn fún ọlọ́pàá? Ní Chicago, àwọn onílàjà kì í gbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ lọ fún ọlọ́pàá, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn yóò tì mọ́ wọn. Ní Glasgow, ọlọ́pàá gan-an ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó bá ti pa ènìyàn kò gbọ́dọ̀ rí ibi sá sí ní mọ́ṣáláṣí wa. Ẹ̀tọ́ olóògbé wà lọ́rùn rẹ̀, ilé ẹjọ́ ni yóò sì yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bínú, tí kò tíì ṣe ohun tí ó ń rò, ẹni tí a fẹ́ gbà là ni. Bí a bá sọ ara wa di amí, kò ní sí ẹni tí yóò sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún wa mọ́, ibi ìsìnkú nìkan ni a ó sì ti máa pàdé wọn. Kí a sọ ààlà yìí fún wọn láti ọjọ́ kìíní, kí ó má baà dà bí ẹ̀tàn.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù kan àwa àgbà ẹgbẹ́. Ta ni a ó rán? A ní àwọn ọ̀dọ́ oníwà rere tí wọ́n há Kùránì sórí, mo sì ń fi wọ́n yangàn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ bá ọmọ tí ó ń wá ẹ̀san ní agogo méjì òru, kò ní mọ ohun tí yóò sọ. Ẹni tí ó mọ ọ́n wà láàárín wa. Òun ni ẹni tí ó ronú pìwà dà ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, tí àpá wà ní ọrùn rẹ̀, tí ó ń jókòó ní sáfù ìkẹyìn nítorí pé àwọn kan máa ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n ń sún. Nínú wáàsí ìdágbére rẹ̀, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pa gbogbo ẹ̀san ẹ̀jẹ̀ ìgbà àìmọ̀kan rẹ́, èyí tí ó sì kọ́kọ́ pa rẹ́ ni ti ìdílé òun fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìbátan rẹ̀ tí àwọn Hudhayl pa. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti fi idà wá ẹ̀san rí. A kò gbọ́ pé ó ní kí wọ́n sún sẹ́yìn.

Ní Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ oníjà wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ní 1992 níbi tí wọ́n ti ń sìnkú, wọ́n sì gún ọmọ kan níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn pásítọ̀ ti jáde sí ìgboro ní alẹ́, wọ́n sì bá ọlọ́pàá àti àwọn tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ ṣe ètò kan ní 1996. Àwọn tí ó yẹ ètò náà wò rí i pé ikú àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ fi ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Èmi kò fẹ́ kí ó di ìgbà tí wọ́n bá gún ènìyàn nínú sáfù kí àwa náà tó jáde. Ní àdúgbò wa, a kò ní í lè dá a ṣe. Àwọn Kìrìsítẹ́nì wà, baálẹ̀ wà, ìyálọ́jà wà, àwọn onímọ́tò wà, ọmọ gbogbo wa ni ó sì ń kú. Àwọn olóṣèlú ní tiwọn, tí wọ́n máa ń ra ìbọn fún àwọn ọmọ yìí bí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n má ṣe retí pé a ó gbé gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí fún wọn.

Ohun tí a fi ẹnu kò lé lórí pẹ̀lú ìgbìmọ̀ nìyí. Ọkùnrin mẹ́fà àti obìnrin mẹ́fà ni a ń wá. A fẹ́ kí ó kéré tán mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó ti rìn ní ìgboro rí. Méjì méjì ni wọn yóò máa jáde, kò sí ẹni tí yóò dá nìkan lọ, kò sì sí ẹni tí yóò lọ sí ibi tí ìbọn ti ń dún. Nọ́ńbà tẹlifóònù kan yóò wà tí ìyá èyíkéyìí lè pè ní òru bí ọmọ rẹ̀ bá gbé ohun ìjà jáde. Àwọn àgbà méjì yóò lọ sí ilé ìwòsàn mẹ́rin tí ó súnmọ́ wa, pẹ̀lú ẹ̀dà òfin 2017 náà lọ́wọ́.

Arábìnrin wa kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì yóò wà níhìn-ín ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Yóò kọ́ wa bí a ti ń fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára láìṣí ọwọ́ kúrò, títí a ó fi gbé ẹni náà dé ilé ìwòsàn. Kí olúkúlùkù mú aṣọ gígùn kan dání. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ òru, kí ó rí akọ̀wé kí ó tó lọ.